Ìbéèrè Wo Là Ń Bi Ẹ̀jẹ̀? Ọ̀rọ̀ Àsọyé fún Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìlera n'Ílùú Ìbàdàn

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo kí yín. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin onímọ̀ láàbù, ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́dé, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìsùn, ẹ kú àfaradà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Yemetu wá, ẹ̀yin ará Olódó, ẹ̀yin ará Mọ́níyà, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú góóslóò Ìwó Road.

Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níbi olè gbé ń jàre olóhun. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kì í ni. Ẹ fi gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn sápò, a ó lò ó kí n tó jókòó.

Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2020 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé. Ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni wọ́n tó sọ pé pàjáwìrì rẹ̀ ti parí. Láàárín ìgbà yẹn, oríṣiríṣi kíìtì àyẹ̀wò ló wọ̀lú. Ọ̀kan nínú wọn ni oníke pẹlẹbẹ funfun yẹn, tí a ń pè ní kásẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn á kán ẹ̀jẹ̀ sí, tí ìlà á yọ kí ìṣẹ́jú 20 tó pé. Àyẹ̀wò ántíbọ́dì nìyẹn. Títa ẹ̀jẹ̀ sí i kò le. Ohun tó le ni kí á mọ ohun tí ìlà náà ń sọ, kí á sì mọ ohun tí kò sọ rárá. Òun ni mo wá bá yín sọ lónìí, torí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, kíìtì irú èyí náà á sì tún dé.

Àyẹ̀wò mẹ́ta, ìbéèrè méjì

PCR ń wá àbùdá kòkòrò fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ nínú ikun imú tàbí ọ̀fun. Àyẹ̀wò ántíjẹ́ẹ̀nì náà ń ti imú wá a, àmọ́ èròjà ara kòkòrò náà ló ń wá. Ìbéèrè kan náà ni àwọn méjèèjì ń béèrè: ṣé àlejò náà wà nílé báyìí?

Àyẹ̀wò ántíbọ́dì kò wá kòkòrò kankan. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbà, sójà tí ara kó jọ láti bá kòkòrò jà ló sì ń wá. Ìbéèrè tirẹ̀ ni pé: ṣé àlejò yìí ti ya ibí rí?

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Kòkòrò ló ṣu, ara ló kó o, ántíbọ́dì sì ni ìrántí ẹni tó kó o. Tí o bá rí ẹni tó ń rántí, o kò tíì rí ẹni tó ṣu o! Ó lè ti lọ tipẹ́. Àní nídìí Kòrónà, ẹni tó kó o gan-an máa ń gbàgbé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ántíbọ́dì ẹlòmíràn á ti lọ sílẹ̀ débi pé kíìtì ò ní rí i mọ́.

Wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé nínú oríṣi ántíbọ́dì méjì tí kíìtì ń wá, IgM (ìlà M) ló ń ṣáájú, IgG (ìlà G) á wá tẹ̀lé e. Kòrónà kò ka ìwé yẹn. Lára ọ̀pọ̀ aláìsàn, àwọn méjèèjì jọ ń yọ láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta ni, nígbà míì IgG á tilẹ̀ ṣíwájú. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo ìlà M kí ẹ sọ pé "tuntun ni èyí", tàbí kí ẹ rí G nìkan kí ẹ sọ pé "ó ti pẹ́".

Widal ti kìlọ̀ fún wa

Ta ni kò mọ Widal, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún táífọ́ọ̀dù, nínú wa? Aláìsàn á wọlé, á ti dárúkọ àìsàn ara rẹ̀ kó tó jókòó: "Máléríà àti táífọ́ọ̀dù ló ń ṣe mí." A ó ṣe Widal, 1:160 á jáde (ìyẹn ni bí a ti la ẹ̀jẹ̀ tó tí ántíbọ́dì ṣì hàn), oògùn ciprofloxacin á bọ́ sínú ìwé. Àyẹ̀wò ántíbọ́dì kúkú ni Widal! Ní ìlú tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti bá kòkòrò yẹn pàdé nínú omi àti oúnjẹ, kí ni 1:160 ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fẹ́ sọ nípa ibà òní? Bó ṣe yẹ ni kí á gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó fi bí ọjọ́ 10 sí 14 jìnnà síra, kí á wò ó bóyá iye rẹ̀ ti di ìlọ́po mẹ́rin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí á gbin ẹ̀jẹ̀ ní láàbù, kí kòkòrò tó bá wà nínú rẹ̀ lè hù. Ìgbà wo ni ẹ rí ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì gbẹ̀yìn? Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ yín yẹn ti dá mi lóhùn.

HIV ló wá ṣì wá lọ́nà. Kíìtì ántíbọ́dì la fi ń yẹ HIV wò, ìlà tó bá sì yọ, tí kíìtì yòókù náà jẹ́rìí sí i, àrùn náà wà lára onítọ̀hún. Kí ló fà á? Torí HIV kì í lọ bó bá ti wọlé. Ẹni tó ṣu ṣì jókòó ti ẹni tó ń kó o. Níbẹ̀ náà, ẹ rántí ọmọ ọwọ́ tí ìyá rẹ̀ ní HIV: títí ọmọ náà á fi pé oṣù 18, ántíbọ́dì ìyá lè ṣì wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń ṣe PCR fún un dípò kíìtì.

Ẹ tún wo hẹpatáítíìsì B. HBsAg, ántíjẹ́ẹ̀nì ni. Bó bá yọ, àlejò wà nílé. Anti-HBs, ántíbọ́dì ni. Bó bá tó 10 lórí òṣùwọ̀n rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àjẹsára, a lè sọ fún nọ́ọ̀sì pé ó ní ààbò. Àwọn onímọ̀ ti fẹnu kò lórí 10 yẹn. Ti Kòrónà kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ayé fọwọ́ sí.

Ẹ rí i bí? Ìlà pupa kan ṣoṣo: lórí HIV, ó ní "àrùn wà níbí", lórí anti-HBs, ó ní "ààbò wà níbí", lórí Kòrónà, ó ní "ó jọ pé ẹnìkan ti gba ibí kọjá". Kásẹ́ẹ̀tì wọn jọra bí ìbejì, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò jọra.

Ìyá elélùbọ́ àti ọjọ́ kẹrin

Ẹ jẹ́ ká mú ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ní ọjà Bódìjà. Ó ń wúkọ́, ara rẹ̀ gbóná, ọjọ́ kẹrin rèé. Ó dé ìlé ìwòsàn, òṣìṣẹ́ gún un níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ sí kíìtì ántíbọ́dì, ó dúró, ìlà C, èyí tó ń fi hàn pé kíìtì ṣiṣẹ́, nìkan ló yọ. "Ìyá, ẹ dúpẹ́, kò sí Kòrónà lára yín." Ìyá dúpẹ́, ó gbàdúrà fún ọmọ tó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bọ́ ìbòmú, ó padà sídìí ọjà.

Kíìtì náà kò purọ́. Òṣìṣẹ́ ló bi í ní ohun tí kò mọ̀.

Nínú oṣù Kẹfà ọdún 2020, àjọ Cochrane kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ nígbà náà jọ. Wọ́n rí i pé láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní tí àìsàn bẹ̀rẹ̀, nínú 100 èèyàn tó ní Kòrónà lóòótọ́, bí 30 péré ni àyẹ̀wò ántíbọ́dì lè mú. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bí 72. Láti ọjọ́ 15 sí 21, bí 91. Nítorí náà, ní ọjọ́ kẹrin ìyá elélùbọ́, bí 70 nínú 100 irú rẹ̀ ni kíìtì á sọ pé kò rí nǹkan kan lára wọn. Láàárín ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́ àìsàn sì ni kòkòrò máa ń pọ̀ jù nínú imú, tó sì máa ń ràn jù. Imú ló yẹ kó gbà. Ìka kọ́.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ kó jáde lẹ́nu wa kí a tó ṣí pọ́ọ̀ṣì, àpò tí kásẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, ni: "Ọjọ́ wo ló bẹ̀rẹ̀?" Ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀. Èsì ántíbọ́dì tí kò ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èmi ò mọ ohun tí èèyàn fẹ́ fi í ṣe.

Níbi olè gbé ń jàre olóhun

Ẹ yọ gbólóhùn tẹ́ ẹ fi sápò. Ẹ yọ fóònù yín náà, ká jọ ṣe ìṣirò.

Ká ní kíìtì kan dára tó báyìí: nínú 100 ẹni tó ti ní àrùn náà rí, ó ń mú 90. Nínú 100 ẹni tí kò ní i rí, ó ń dá 96 sílẹ̀, ó sì ń parọ́ mọ́ 4. Kíìtì tí ẹlòmíràn á fi yangàn nìyẹn.

Ẹ gbé e lọ sí ìlú tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀, tí ẹni 20 péré nínú 1,000 ti ní i. Nínú 20 yẹn, kíìtì mú 18. Ó ku 980 tí kò ní i rí. Mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wọn jẹ́ bí 39. Ìlà tó yọ lápapọ̀, 57. Ti òótọ́, 18. Ti èké, 39. Ta ló pọ̀ jù? Olè jàre olóhun!

Ẹ wá gbé kíìtì kan náà lọ sí ìlú tí 400 nínú 1,000 ti ní i. Ó mú 360 nínú wọn. Nínú 600 tó kù, ó parọ́ mọ́ 24. Olóhun gba ohun ìní rẹ̀ padà. Kíìtì kò yí padà, ọwọ́ tó lò ó kò yí padà. Ìlú ló yí padà.

Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí òṣìṣẹ́ ìlera mọ bí àrùn ṣe tàn tó ní àdúgbò rẹ̀. Nígbà tí NCDC, àjọ tó ń gbógun ti àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà, àtàwọn tó bá wọn ṣiṣẹ́ lọ láti ilé dé ilé lọ́dún 2020, bí 23 nínú 100 ni wọ́n bá ántíbọ́dì lára wọn ní ìpínlẹ̀ Èkó àti Enugu, 19 ní Nasarawa, 9 ní Gombe. Nílùú Ìbàdàn níbí, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe lára òṣìṣẹ́ ìlera 133 tí kò sí àmì àìsàn kankan lára wọn rí ántíbọ́dì lára bí 45 nínú 100. Ẹ gbọ́ o: ara wọn le, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Irú iṣẹ́ yìí gan-an ni àyẹ̀wò ántíbọ́dì mọ̀ ọ́n ṣe, kí ó sọ bí àrùn ṣe gba àárín ìlú kọjá tó. Ó mọ ọ̀rọ̀ ogunlọ́gọ̀ ju ọ̀rọ̀ ẹnìkan lọ.

Èké yẹn ńkọ́, ibo ló ti ń wá? Ní ilẹ̀ wa, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀fọn. Àwọn olùwádìí mú ẹ̀jẹ̀ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n ti gbà pamọ́ kí Kòrónà tó délé ayé, wọ́n fi dán àyẹ̀wò ántíbọ́dì Kòrónà wò. Àwọn kan nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn dáhùn pé àwọn ti pàdé rẹ̀ rí. Àrùn tí kò tíì dé! Ìwádìí náà na ìka sí ántíbọ́dì tí máléríà fi sílẹ̀ lára. Èròjà ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní làkúrègbé oríkèé ríro náà lè mú ìlà M yọ lásán. Kíìtì tí wọ́n dán wò nílẹ̀ tí kò sí máléríà, tó sì yege níbẹ̀, kò tíì jókòó ìdánwò tiwa. Ẹ máa béèrè bóyá MLSCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ láàbù ìṣègùn ní Nàìjíríà, ti yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á wọlé.

Ọwọ́ wa: ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́

Púpọ̀ kíìtì ní kí á tọ́jú òun láàárín ìwọ̀n 2 sí 30 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ńtígírédì. Yàrá tí páànù bò, tí kò ní àjà, lọ́sàn-án oṣù Kẹta n'Íbàdàn, ṣé ẹ rò pé 30 ni? Bùútù ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé òṣùwọ̀n ooru kọ́ sára ògiri ibi ìkẹ́rùsí, kí ẹ máa kọ ohun tó sọ sílẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Tó bá jẹ́ inú fíríìjì ló wà, ẹ gbé e jáde kó tó bí ìṣẹ́jú 30 kí ẹ tó ya pọ́ọ̀ṣì. Pọ́ọ̀ṣì tútù tí a ṣí lójijì á làágùn sára páálí inú rẹ̀, páálí tó ti rin kò ní fa ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ. Tí a bá ti ya á tán, ká lò ó kí wákàtí kan tó pé, lásìkò òjò kó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìka àárín tàbí èyí tó tẹ̀ lé e ni kí á gún, kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má jẹ́ góńgó orí. Ẹ fi sípíríìtì nù ún, kí ẹ wá ní sùúrù kó gbẹ. Sípíríìtì tútù á fọ́ ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kán àkọ́kọ́, ẹ fi òwú gbígbẹ nù ún dànù. Tí ẹ̀jẹ̀ kò bá wá, ẹ jẹ́ kó sọ ọwọ́ sísàlẹ̀, ẹ fọwọ́ ra á láti àtẹ́lẹwọ́ bọ̀. Ẹ má fún ìka bí ẹni ń fún ọsàn. Omi ara ló máa bá a jáde, á la ẹ̀jẹ̀.

Iye ẹ̀jẹ̀, 10 máíkírólítà ni kíìtì kan ń béèrè, òmíràn 20. Omi bọ́fà, èyí tó bá kíìtì wá láti mú ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹ̀kán méjì níbi kan, mẹ́ta níbòmíràn. Ìwé inú páálí ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má gba ohun tẹ́ ẹ rántí nípa kíìtì tàná gbọ́. Ẹ gbé ìgò bọ́fà dúró gbọọrọ kí ẹ̀kán rẹ̀ lè dọ́gba. Bọ́fà kíìtì HIV kò ṣeé lò fún ti Kòrónà. Omi tàbí dírípù kò ṣeé fi dípò rẹ̀ pẹ̀lú. Mo mọ̀ pé bọ́fà máa ń tán kí kásẹ́ẹ̀tì tó tán, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kíìtì ló yẹ ká bá wí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sọ omi di bọ́fà.

Ẹ gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú. Ẹ kọ aago tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni púpọ̀ wọn ń fẹ́ kí á kà á. Bó bá ti lé ní 20, ẹ má kà á mọ́. Bó bá ń gbẹ lọ, òjìji ìlà lè yọ síbi tí kò sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀. "Màá padà wá wò ó tí mo bá ti dá aláìsàn yẹn lóhùn tán" ló ti bí ọ̀pọ̀ èsì èké.

Àwọ̀ pupa yẹn, wúrà ni o. Ẹ̀rún wúrà gidi, tó kéré ju ohun tí ojú lè rí, ni wọ́n so mọ́ èròjà inú kásẹ́ẹ̀tì. Ìlà tó bá ti ní àwọ̀, bó ti wù kó rí bàìbàì tó, ìlà ni. Èyí tó dà bí eérú, tí kò ní àwọ̀, kì í ṣe ìlà. Ẹ jẹ́ kí ojú kejì bá yín wò ó, kó má sì gbọ́ ohun tí ẹ rí kó tó sọ tirẹ̀.

Ìlà C wá ńkọ́? Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀. Tí C kò bá yọ, èsì ti bàjẹ́, a mọ ìyẹn. Àmọ́ tí C bá yọ, ohun tó sọ kò ju pé omi ṣàn dé òkè, pé èròjà inú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Lára ọ̀pọ̀ kíìtì, C kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó. Kán bọ́fà nìkan sí i, láìsí ẹ̀jẹ̀ rárá, C á yọ pípọ́n. Ẹ̀jẹ̀ tó kéré á fún yín ní "kò sí" tó mọ́ tónítóní.

Ẹnu wa

Tí a bá sọ "pọ́sítífù" fún ará ìlú, kí ló ń gbọ́? Ó ń gbọ́ ikú. Tí a bá sọ "ántíbọ́dì rẹ wà", ó ń gbọ́ pé òun ti bọ́. Méjèèjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo dábàá rèé: "Mà, ẹ̀jẹ̀ yín fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí àrùn náà ti bá yín pàdé rí. Kò sọ pé ó wà lára yín lónìí, kò sì sọ pé kò ní padà wá. Ẹ má tíì bọ́ ìbòmú." Tí kò bá sì sí ìlà: "Mà, a ò rí i nínú ẹ̀jẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò bá yín pàdé rí, ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ẹ ṣe ń wúkọ́ yìí, imú yín la máa yẹ̀ wò."

Ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ á ní kí òṣìṣẹ́ lọ gba ìwé pé ó ní ántíbọ́dì kó tó wọlé. Láti ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2020 ni WHO ti sọ pé kò sí ẹ̀rí pé ẹni tó ní ántíbọ́dì kò lè tún kó o. Nígbà tí Omicron, ẹ̀yà Kòrónà mìíràn, dé ní ìparí 2021, ó ran ọ̀pọ̀ ẹni tó ní ántíbọ́dì lára. Ẹ má fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára ló tún ń da àwa fúnra wa láàmú. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2021 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún AstraZeneca ní Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ara ní ẹ̀yà kan ṣoṣo lára kòkòrò, èyí tó dà bí ẹ̀gún, tí wọ́n ń pè ní S. Kíìtì mìíràn kì í wá S rárá. N, èròjà inú lọ́hùn-ún, ló ń wá. Nọ́ọ̀sì tó gba abẹ́rẹ́ méjì, tí Kòrónà kò mú rí, bó bá lo kíìtì N, kò ní rí nǹkan kan. Á wá pariwo ní wọ́ọ̀dù pé omi ni wọ́n gún fún òun. Ariwo nọ́ọ̀sì á sì dé ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ ka ara páálí: S ni àbí N?

Ẹ wá gbọ́ ibi tí àyẹ̀wò ántíbọ́dì ti wúlò fún aláìsàn kan ṣoṣo, wọn ò pọ̀. Ọmọdé tí ibà, ojú pípọ́n, ara sísú àti inú rírun mú ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà lẹ́yìn tí Kòrónà gba ilé wọn kọjá. Àti aláìsàn tó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, tí àmì àrùn náà hàn kedere, tí PCR kò rí nǹkan. Dókítà ló máa bèèrè fún un nígbà náà, pẹ̀lú àyẹ̀wò mìíràn.

Ìbéèrè láti àárín èrò

*"Tí aláìsàn bá gbé owó lé tábìlì, tó ní ántíbọ́dì lòun fẹ́ ṣe ńkọ́?"*

Ẹ ṣé, mà. Ẹ bi í pé kí ló fẹ́ mọ̀. Bó bá ní òun fẹ́ mọ̀ bóyá òun ní i lọ́wọ́, ẹ dá owó rẹ̀ padà, ẹ júwe ibi tí wọ́n ti ń gba imú fún un. Bó bá ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti kọjá lára òun rí, ẹ sọ ohun tí èsì náà kò ní lè sọ fún un kí ẹ tó gún un, ẹ má dúró dẹ̀yìn.

*"Kíìtì tó ti kọjá ọjọ́ wà ní kọ́bọ́ọ̀dù wa. Ṣé a lè fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́?"*

Ẹ lè fi kọ́ wọn bí a ṣe ń di kásẹ́ẹ̀tì mú àti bí a ṣe ń kán bọ́fà. Ẹ fi bírò pupa kọ "ÌKỌ́NI" sára pọ́ọ̀ṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ kó wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó dára. Ẹ má lò ó fún aláìsàn, bó tilẹ̀ jẹ́ àná ló kọjá. Láńsẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi gún ìka, inú àpótí abẹ́rẹ́ ni. Kásẹ́ẹ̀tì tó bá ti kan ẹ̀jẹ̀, inú àpò ìdọ̀tí tó lè ranni ni. Kí ẹ tó palẹ̀ èyíkéyìí mọ́, ẹ ka iye wọn, kí ẹ kọ nọ́ńbà lọ́ọ̀tì wọn sínú ìwé ìkẹ́rùsí.